Ọmọ Tó Padà Wá

Nínú agbo ilé tí wọ́n ti sin ìyá àgbà, tí wọ́n sì bí ọmọbìnrin kí ọdún tó yí po, kì í pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọmọ náà wò. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ á gbé e sórí itan, á ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á na ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn á yẹ etí rẹ̀ wò. Bí àmì dúdú kan bá wà léjìká, níbi tí ìyá àgbà ti ní àpá iná, ọ̀rọ̀ ti bùṣe: Ìyá ló dé. Bí kò bá sí àmì kankan, wọ́n á wo bó ṣe ń ranjú mọ́ ènìyàn, wọ́n á ní ojú Ìyá gan-an nìyí. Yétúndé lorúkọ ọmọ. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn àgbàlagbà tó dàgbà ju ìyá tó bí i lọ yóò máa pe ọmọ ọwọ́ ní "Ìyá wa". Eré kọ́ ni wọ́n sì ń fi í ṣe.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ọ̀rọ̀ àtúnwáyé ni ètò yìí dá lé lónìí. Ṣé lóòótọ́ ni ẹni tó kú ń padà wá? Àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ayé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìwádìí Pew bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè ní 2009, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ní òun gbà pé ènìyàn ń tún ayé wá, bẹ́ẹ̀ onígbàgbọ́ ló pọ̀ jù lórílẹ̀-èdè náà. Nílẹ̀ Yorùbá, kò sí ẹni tó ń dúró bi ẹnikẹ́ni, nítorí ó ti wà nínú èdè. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ tẹ́ lọ́rùn á ní bí òun bá tún ayé wá nígbà méje, òun náà lòun máa fẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ ti fi ojú rẹ̀ rí màbo á ní kí wọ́n má jẹ́ kí òun ṣe irú rẹ̀ mọ́ ní àtúnwá òun. Ó sì lè jẹ́ pé láti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni àwọn méjèèjì ti ń bọ̀.

Ohun tí Yorùbá ń pè ní àtúnwáyé kò rí bákan náà pẹ̀lú ti àwọn ará Íńdíà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì padà di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé tó kọ lórí Olódùmarè, èyí tó jáde ní 1962. Ó ṣàkíyèsí pé lójú Yorùbá, bàbá tó kú ti lọ sọ́run, ibẹ̀ ló sì wà. Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ lójú oórì, wọ́n ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bàbá kan náà ni wọ́n ní ó ti yà lọ́dọ̀ àkọ́bí rẹ̀, tó tún yà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, kódà kí ọdún kan náà tó parí. Ìdílé kan lè ní Babátúndé mẹ́rin, kí egúngún bàbá àgbà tún jáde nígbà ọdún, kí àwọn Babátúndé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dọ̀bálẹ̀ fún un.

Lójú ẹni tó ń ka ọkàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ka owó, èyí kò bára mu. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí èyí gba Yorùbá sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, gbogbo ènìyàn tó wà láyé kò ju bílíọ̀nù kan lọ. Ní November 2022, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé kéde pé a ti pé bílíọ̀nù mẹ́jọ. Àwọn tó ń jiyàn àtúnwáyé fẹ́ràn láti béèrè pé bí ọkàn kan bá ń wọ ara kan, níbo ni bílíọ̀nù méje tó kù ti wá? Ìbéèrè náà le fún ẹni tó gbà pé ọkàn kan, ara kan ni. Àgbà tó ti rí Babátúndé mẹ́rin nínú ilé kan kò ní kà á sí. Lójú tirẹ̀, ìwà bàbá, ìrísí rẹ̀ àti ìbùkún rẹ̀ ló ń ya wá sáyé, ọ̀run kò sì ṣófo nítorí rẹ̀.

Àwọn ìtàn kan wà tí wọn kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní Delhi, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, wọ́n bí ọmọbìnrin kan ní 1926, Shanti Devi lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ibí kọ́ nilé òun. Ó ní Mathura nilé òun, ìlú kan tó jìnnà tó bíi kìlómítà 145 sí Delhi. Ó ní òun ní ọkọ níbẹ̀, aṣọ ló ń tà, òun bí ọmọkùnrin kan fún un, ìbímọ náà ló sì pa òun. Àwọn òbí rẹ̀ rò pé eré ọmọdé ni. Ó dé ilé ìwé, ó tún ń sọ ọ́, ó sì dárúkọ ọkọ náà: Kedar Nath. Wọ́n kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí Mathura. Èsì dé. Kedar Nath wà láyé, aṣọ ló ń tà, ìyàwó rẹ̀ Lugdi sì ti kú ní October 1925 lẹ́yìn tó bí ọmọkùnrin.

Ọ̀rọ̀ náà ta dé etí Mahatma Gandhi, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wádìí rẹ̀. Ní November 1935, ìgbìmọ̀ náà mú ọmọ yìí wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Mathura. Wọ́n ròyìn pé ó dá àwọn ẹbí mọ̀ láàárín èrò, pé òun ló ṣíwájú wọn dé ilé, pé ó tọ́ka sí igun yàrá kan tó ní òun ri owó mọ́lẹ̀ sí. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n bá ihò, wọn kò bá owó. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní ọkọ jẹ́wọ́ pé òun ti kó o lẹ́yìn tí ìyàwó òun kú. Ìròyìn ìgbìmọ̀ náà jáde ní 1936, ó sì gbè é lẹ́sẹ̀ pé Lugdi ló padà wá.

Lọ́dún yẹn kan náà, ọmọ Íńdíà mìíràn, Bal Chand Nahata, kọ ìwé kékeré kan láti fi yé aráyé pé ohun tó wà nílẹ̀ kò tó láti fi gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà nira kò ṣòro láti rí. Kí ìgbìmọ̀ tó gbéra rárá, Kedar Nath ti wá sí Delhi, ọmọ náà ti rí i, wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀. Ẹbí méjì ti pàdé, ìròyìn ti dà pọ̀ mọ́ ìròyìn. Ta ló tún lè yà á sọ́tọ̀ pé èyí ni ọmọ náà mọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí ni ó gbọ́ lẹ́nu àgbà? Bí ẹnì kan bá ti jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀, tó kọ gbogbo ohun tí ọmọ náà ń sọ sílẹ̀ kí lẹ́tà kankan tó kúrò ní Delhi, à bá ní ohun tí a lè dì mú. Shanti Devi kò lọ́kọ títí tó fi kú ní 1987, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tó bá pè é ní òpùrọ́ ti ṣe é ní àìdáa. Ọmọdé lè gba ohun kan gbọ́ tọkàntọkàn, kó má rí bẹ́ẹ̀ síbẹ̀.

Ẹni tó sapá jù lọ láti tú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wò ni Ian Stevenson, dókítà ọpọlọ tí wọ́n bí ní Canada ní 1918, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà. Chester Carlson, ẹni tó hùmọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ló ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí Carlson kú ní 1968, mílíọ̀nù kan dọ́là ló fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Stevenson rìn. Ó dé Íńdíà, ó dé Sri Lanka, ó dé Lẹ́bánónì àti Alaska, ó dé ilẹ̀ Ìgbò nílé wa níbí. Kó tó kú ní 2007, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti kó ìtàn ọmọdé tó ju 2,500 jọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ayé tí wọ́n ti kọ́kọ́ wá láàárín ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó pé mẹ́jọ. Stevenson fúnra rẹ̀ kò kéde pé òun ti rí ẹ̀rí tó parí ọ̀rọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ó jọ bẹ́ẹ̀.

Ó tilẹ̀ fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò. Ní nǹkan bí ogójì ọdún kó tó kú, ó ra àgádágodo irú èyí tí kò ní kọ́kọ́rọ́, tó jẹ́ nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ṣí i. Ó fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ kan tí òun nìkan mọ̀ dá nọ́ńbà náà, ó tì í, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì ní ọ́fíìsì. Ó ní bí ẹ̀mí òun bá ṣì wà lẹ́yìn ikú, òun yóò wá ọ̀nà láti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́. Nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ jáde, àgádágodo náà ṣì wà ní títì.

Àwọn tó ta ko iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí i. Champe Ransom, agbẹjọ́rò kan tó ti bá a ṣiṣẹ́, yẹ ìtàn 1,111 wò. Ó ní 11 péré ni ẹbí òkú àti ẹbí ọmọ kò tíì pàdé kí olùwádìí tó dé, àléébù ńlá sì wà lára 7 nínú wọn. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí. Àwọn ẹlẹ́sìn Druze ní Lẹ́bánónì gbà pé ọkùnrin kì í padà wá ní obìnrin, ìtàn tí wọ́n sì gbà lọ́dọ̀ wọn kò ní irú rẹ̀. Ní Burma, wọ́n gbà pé ó ń ṣẹlẹ̀, ó sì pọ̀ nínú ìtàn tibẹ̀. Àwọn Tlingit ní Alaska gbà pé inú ẹbí ni òkú ń padà sí bíi ti Yorùbá, inú ẹbí náà ni wọ́n sì ti ń rí i. Bí àtúnwáyé bá jẹ́ òfin tó wà fún gbogbo ẹ̀dá, kí ló dé tó fi ń yí padà bí ènìyàn bá ti sọdá ẹnubodè? Ohun tí àwọn àgbà ilé ti ń retí ni etí wọn ń gbọ́ lẹ́nu ọmọdé.

Kì í ṣe ọmọdé nìkan, àgbàlagbà náà lè sọ ohun tí wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀. Ní 1952, oníṣòwò kan ní Pueblo, ní ìpínlẹ̀ Colorado, Morey Bernstein, fi ọ̀rọ̀ tu obìnrin kan lára títí tó fi wọ irú oorun tí wọ́n ń pè ní hypnosis, ó sì ní kó máa rántí padà sẹ́yìn, kó kọjá ọjọ́ ìbí rẹ̀. Obìnrin náà, Virginia Tighe, bẹ̀rẹ̀ sí í fọ èdè Gẹ̀ẹ́sì bí ará Ireland. Ó ní Bridey Murphy ni òun, wọ́n bí òun ní Cork ní 1798, òun sì kú ní Belfast ní 1864. Ìwé tí Bernstein kọ jáde ní 1956, ó tà wàràwàrà. Àwọn oníròyìn wọkọ̀ lọ sí Ireland. Wọ́n rí orúkọ àwọn onílé ìtajà kan tó dárúkọ ní Belfast, wọn kò rí àkọsílẹ̀ ìbí Bridey, wọn kò rí ti ikú rẹ̀. Ìwé ìròyìn kan ní Chicago wá tú u síta pé nígbà tí Virginia wà ní kékeré, obìnrin ará Ireland kan ń gbé ní òdìkejì òpópónà wọn, Murphy sì ni orúkọ ìdílé obìnrin náà kó tó lọ́kọ.

Nicholas Spanos, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Carleton ní Canada, lo irú oorun kan náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ní kí wọ́n rántí ayé tí wọ́n ti kọ́kọ́ wá. Àwọn tí wọ́n ti sọ fún ṣáájú pé wọ́n máa ń fìyà jẹ ọmọdé láyé àtijọ́ ni ìyà pọ̀ jù nínú ìròyìn wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tó dán wò ní Julius Caesar ni òun, ọba Róòmù, ní ọdún 50 lẹ́yìn ìbí Kristi. Caesar ti kú ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi, wọn kò sì fi í jọba Róòmù rí. Ìrántí kò dà bí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ohun tí ènìyàn ti gbọ́, tó gbàgbé pé òun gbọ́, lè jí lọ́jọ́ kan kó sì dà bí ohun tó fojú ara rẹ̀ rí.

Ṣé kí wọ́n wá gba orúkọ lọ́wọ́ Yétúndé ni? Rárá o. Ìdílé tó ń pe ọmọ ọwọ́ ní Ìyá ń fi ọmọ náà tu ara wọn nínú, wọ́n sì ń fi ìfẹ́ tí òkú kò lè gbà mọ́ kẹ́ ọmọ tó dé. Ọmọ náà kò pàdánù ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn kó tó jẹ́ kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ń wá ìjà tí kò sí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di dandan wà lọ́tọ̀, níbi tí ìgbàgbọ́ nínú ẹni tó ń padà wá ti mú abẹ dání.

Àbíkú ni. Obìnrin bímọ, ọmọ kú. Ó tún bí, ó tún kú. Wọ́n á ní ọmọ kan ṣoṣo náà ló ń lọ tó ń bọ̀, pé ó ní ẹgbẹ́ lọ́run tó ti bá dá májẹ̀mú ọjọ́ tí yóò padà. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìtàn Yorùbá tó parí kíkọ rẹ̀ ní 1897, tó wá di ìwé ní 1921, kọ nípa orúkọ wọn àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn: ṣaworo àti òrùka irin lẹ́sẹ̀ ọmọ láti lé ẹgbẹ́ rẹ̀ sá, àsè ẹ̀wà àti epo láti tù wọ́n lójú. Ẹ̀bẹ̀ pọ́ńbélé ni orúkọ wọn. Málọmọ́. Dúrójayé. Bánjókòó. Kòkúmọ́. Kòsọ́kọ́, ìyẹn ni pé ọkọ́ tí wọ́n máa fi gbẹ́ sàréè ti tán nílé. Bí ẹ̀bẹ̀ kò bá gbọ́, wọ́n á fi abẹ kọ òkú ọmọ náà lára, wọ́n á gé ìka rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi iná jó ibì kan lára rẹ̀, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà gbà á mọ́, kí ìyá sì lè dá a mọ̀ bó bá tún dé.

Èdè Yorùbá ní orúkọ kan fún àìsàn tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù: fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe. Wọ́n bí ọmọ, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nínú oyún ló ṣì ń dáàbò bò ó. Nígbà tó bá fi máa tó oṣù mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ ìkókó yẹn á ti máa tán lọ, èyí tó jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá á máa gbapò. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó rí róbótó á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú iṣan tín-ín-rín. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ á wú, kò ní gbà kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Wíwú yìí lè ba eegun ìka jẹ́ débi pé ìka kan á kúrú ju ìyókù lọ. Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà tó rí ìka kúkúrú yẹn lọ́wọ́ ọmọ, lẹ́yìn tó ti rántí èyí tí wọ́n gé lọ́wọ́ ọmọ tó kú.

Ẹni àkọ́kọ́ tí àìsàn yìí tipa rẹ̀ wọ ìwé ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó ni Walter Clement Noel, ọmọ Grenada tó ń kọ́ ìṣègùn eyín ní Chicago. Dókítà James Herrick ló ròyìn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní 1910. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa ni àṣìṣe náà wà. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn ìdí tó fi pọ̀ nílẹ̀ adúláwọ̀ báyìí: ẹni tó jogún àṣìṣe náà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ìyẹn AS, ń rí ààbò lọ́wọ́ ibà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni AS. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan nínú mẹ́rin láti di SS, ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì. Ìpín náà kì í rántí èyí tó kọjá. Tọkọtaya kan lè bí SS mẹ́ta léra, kí aládùúgbò wọn tí jẹ́nótáìpù wọn kò yàtọ̀ bí márùn-ún kó má kan ọ̀kankan. Bàbá kan, ìyá kan ló bí àwọn ọmọ tó ń kú wọ̀nyí, kò lè ṣe kí ojú wọn má jọra. Ta ni kò ní rò pé ọmọ kan náà ni?

Ní 2001, ìwádìí Esther Nzewi lórí 100 ọmọ tí àwọn ará ilẹ̀ Ìgbò pè ní ọ̀gbáńje, tí í ṣe ìbátan àbíkú, jáde. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, SS ni 70 nínú wọn. Gbogbo àbíkú kọ́ ló jẹ́ SS. Ibà, gìrì, òtútù àyà àti ìgbẹ́ gbuuru náà pa tiwọn. Ṣùgbọ́n 70 nínú 100 kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè gbójú fò. Àádọ́rin ọmọ ni ìrora wọn ní orúkọ àti ìtọ́jú, tí àwọn tó yí wọn ká sì ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fẹ́ dúró. Ọmọ tí eegun ń ro, tí wọ́n tún ní òun ló ń fi ìyá òun ṣeré: kò sí ohun tó bani nínú jẹ́ tó ìyẹn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ìtọ́jú náà kò sì ṣòro ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1986, fún àwọn ọmọ kékeré tó jẹ́ SS ní oògùn pẹnisílíìnì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àìsàn láti ọwọ́ kòkòrò tó ń fa òtútù àyà àti májèlé inú ẹ̀jẹ̀ sì dín kù láàárín wọn ní ìdá 84 nínú 100. Oògùn ibà, àwọ̀n ẹ̀fọn, omi mímu dáadáa àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tún wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọn ì bá ti sọ ní Málọmọ́ ló ń lọ sí yunifásítì báyìí. Ṣùgbọ́n àfi kí wọ́n tètè mọ̀, kí oṣù mẹ́fà yẹn tó pé.

Ní àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe é, nọ́ọ̀sì á di ẹsẹ̀ ọmọ tuntun mú, á fi abẹ́rẹ́ kékeré gún gìgísẹ̀ rẹ̀, á fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí káàdì. Ọmọ á ké, ìyá á gbé e mọ́ra, ó tán. Nígbà tí wọ́n bá délé, ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá á gbà á, á gbé e sórí itan, á ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti wá àmì ẹni tó dé. Àmì pupa kékeré kan ni yóò rí ní gìgísẹ̀, ìyá ọmọ yóò sì sọ bó ṣe débẹ̀.